Omi Tẹ̀yìn Wọ Ìgbín Lẹ́nu

Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbí ni. Níbí, bí omi bá dà sí èèyàn lórí, yóò ṣàn wálẹ̀, onítọ̀hún á fọwọ́ nu ojú, ọ̀rọ̀ parí. Ní nǹkan bí 400 kìlómítà sókè orí wa, omi kì í ṣàn wálẹ̀, torí kò sí ohun tó ń jẹ́ ilẹ̀ fún un. Ibi tó bá ti fara kan èèyàn ló máa lẹ̀ mọ́, á wá máa wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ lára awọ. Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 2013, irú omi báyìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ Ítálì kan tó ń jẹ́ Luca Parmitano. Kò sí odò níbẹ̀, òjò kò sì rọ̀. Inú àṣíborí tó dé sórí ni omi ti bá a.

Ìtàn mẹ́ta nípa jíjáde sí gbalasa òfurufú ni mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀ wò lónìí. Èkíní ni Gravity, fíìmù tí Alfonso Cuarón darí, tó jáde lọ́dún 2013 yẹn kan náà. Èkejì ni ohun tí Parmitano fúnra rẹ̀ kọ nípa ọjọ́ náà, tí European Space Agency gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù Kẹjọ ọdún náà. Ẹ̀kẹta ni àbọ̀ ìwádìí tí NASA gbé jáde ní oṣù Kejì ọdún 2014 lórí bí omi ṣe dé inú àṣíborí. Ẹ má tíì fi mí rẹ́rìn-ín pé mo ka àbọ̀ ìwádìí mọ́ lítíréṣọ̀. Èmi tí mò ń kọ kóòdù jẹun, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni mò ń kà jù, mo sì mọ èyí tí wọ́n kọ dáadáa yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: níbo lẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yín?

Kí ẹni tí kò mọ̀ lè bá wa lọ, ibùdó tí à ń sọ yìí, International Space Station, tí gbogbo ayé ń pè ní ISS, ilé ni. Èèyàn mẹ́fà ló ń gbé inú rẹ̀ nígbà yẹn: ará Rọ́ṣíà mẹ́ta, ará Amẹ́ríkà méjì, àti Parmitano. Ó ju oṣù márùn-ún lọ tí Parmitano lò níbẹ̀, láti ìparí oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kọkànlá. Ilé náà ń yí ayé po lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 90, tó fi jẹ́ pé ìgbà mẹ́rìndínlógún ni oòrùn ń yọ lójúmọ́ wọn. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lẹ́yìn ilé, kò sí oníṣẹ́ tí wọ́n lè ránṣẹ́ pè. Àwọn onílé fúnra wọn ló máa wọ aṣọ jáde lọ tún un ṣe. Ìjáde yìí ni wọ́n ń pè ní spacewalk. Aṣọ náà kì í ṣe aṣọ lásán. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n máa mí wà nínú ẹrù tí wọ́n gbé sẹ́yìn, omi tútù ń gba inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ yí ara wọn po kí ooru má baà pa wọ́n, àpò omi mímu sì wà láyà. Tí ẹ bá rò ó dáadáa, ìgbín ni: ó gbé ilé rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń lọ jẹ́jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ fíìmù, torí òun ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Gravity gba àmì ẹ̀yẹ Oscar méje, ti olùdarí tó dára jù lọ wà nínú rẹ̀, mi ò sì ní sọ pé kò tọ́ sí i. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìjẹ́ pé a rí ibi tí wọ́n ti gé e. Kámẹ́rà ń yí àwọn tó ń tún awò ńlá Hubble ṣe po bí ẹni pé òun náà kò wúwo. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wò ó, ọwọ́ àga ni mo dì mú. Lẹ́yìn náà ni wàhálà dé. Àwọn ará Rọ́ṣíà fi ohun ìjà fọ́ sátẹ́láìtì ara wọn, àfọ́kù rẹ̀ wá ń sáré bọ̀ bí ọta ìbọn, ó pa èèyàn, ó ba ọkọ̀ jẹ́. Kò pẹ́ tó fi ku Ryan Stone, tí Sandra Bullock ṣe, nìkan nínú òkùnkùn.

Àwọn onímọ̀ ti wí tiwọn nípa àṣìṣe fíìmù náà. Wọ́n ní Hubble àti ISS kò sí lójú ọ̀nà kan náà, kò sí bí èèyàn ṣe máa ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì bí ẹni fo gọ́tà. Ìyẹn ò dùn mí. Ẹni tó ń pàlọ́ lè jẹ́ kí ìjàpá gun òkè ọ̀run. Ohun tó dùn mí ni ibi tí fíìmù náà ní ewu ti wá. Nínú Gravity, òde ni ewu ti wá, ẹlòmíì ló fà á, ẹni tó kó sínú rẹ̀ kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Bó ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan ló ń kó sọ́wọ́ òmíràn, òun nìkan, títí ó fi wọ́ jáde nínú omi sórí ilẹ̀ ayé. Ẹni tó bá wò ó tán máa gbà pé ẹni tó jáde sí gbalasa òfurufú ti dá wà pátápátá.

Irọ́ tó tóbi jù níbẹ̀ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kì í dá jáde ní ISS. Méjì méjì ni wọ́n ń jáde, ẹlòmíì wà nínú ilé tó ń ṣọ́ wọn, àwọn kan sì wà ní Houston tó ń ka iṣẹ́ sí wọn létí ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn yìí kì í ṣe àjèjì síra wọn. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń mu omi tí ẹ̀rọ sẹ́ látinú ìtọ̀ wọn, wọ́n jọ ń pín ẹ̀rọ eré ìdárayá lò, nǹkan bí wákàtí méjì lójúmọ́, kí egungun wọn má baà di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Karen Nyberg, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà ọdún 2013 yìí, yọ aṣọ tó wà nínú àpótí oúnjẹ àwọn ará Rọ́ṣíà, ó fi rán dáínósọ̀ kékeré kan fún ọmọ rẹ̀ tó wà nílé, ó sì ki àjákù ṣẹ́ẹ̀tì sí i níkùn. Gravity ò ráyè irú nǹkan báyìí. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ tó rán dáínósọ̀ yẹn wà lára àwọn ọwọ́ tó ṣí àṣíborí lórí Parmitano lọ́jọ́ tí omi fẹ́ pa á.

Ẹ wá ka ohun tí Parmitano kọ. Ojú rẹ̀ wà ní dídì nígbà tí ìtàn bẹ̀rẹ̀. Òun àti Chris Cassidy ló wà nínú yàrá àbájáde, afẹ́fẹ́ ń tán lọ nínú yàrá náà, Chris sì ń ka iye tó kù. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì tó máa jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan nìyí. Wọ́n jáde, iṣẹ́ ń yá. Àfi bí omi ṣe kàn án lẹ́yìn ọrùn.

Bó ṣe kọ ọ́ ni kí ẹ wò. Kò pariwo. Ó ń sọ ohun tó mọ̀, ó ń sọ ohun tí kò mọ̀, ó ń sọ ohun tó kàn láti ṣe, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ní kí wọ́n máa padà bọ̀ wálé. Ọ̀nà Chris yàtọ̀ sí tirẹ̀, torí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni okùn kálukú gbà. Ó dé ibì kan tó ti ní láti dorí kodò kó tó lè kọjá. Bó ṣe dorí kodò báyìí, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ pọ̀: oòrùn wọ̀, omi sì bo ojú rẹ̀. Kò ríran mọ́. Omi ti dé imú. Ohùn Chris àti ohùn Houston ń lọ sílẹ̀ létí rẹ̀. Ó wá rántí okùn tó so ó mọ́ ilé. Okùn náà ń fà á padà wẹ́rẹ́, bí ọmọdé tó ń fa aṣọ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn. Ìfà kékeré yẹn ló tẹ̀ lé, bí afọ́jú, títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà.

Lójú ọ̀nà yẹn, ó ń ro ohun tó máa ṣe bí omi bá bo ẹnu rẹ̀. Fáàfù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òsì rẹ̀. Bó bá ṣí i, afẹ́fẹ́ á máa jáde, omi díẹ̀ á bá a jáde. Ó mọ ohun tó lè tẹ̀yìn ìyẹn yọ, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìgbésẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí àwọn méjèèjì dé inú yàrá àbájáde, tí etí rẹ̀ ti dí, Chris di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fún un. Òun náà dáhùn. Ìyẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ tó kù láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n ṣí àṣíborí, Fyodor Yurchikhin àti Pavel Vinogradov na táwẹ̀lì sí i, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn láìgbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo ti wo Gravity lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tó tó ọwọ́ méjì tó ń fún ara wọn yìí.

Síbẹ̀, mo ní ẹjọ́ kan bá ìparí ìtàn rẹ̀ rò. Ó parí rẹ̀ sí pé gbalasa òfurufú le, pé kì í ṣe ilé wa, pé awáròkè ni wá níbẹ̀, a ò tíì di onílé. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ni gbalasa òfurufú ṣe fún un lọ́jọ́ náà? Oòrùn wọ̀ nígbà tó máa ń wọ̀. Òfìfo dúró jẹ́ẹ́. Omi ọ̀hún, àwa la bù ú sínú aṣọ. Aṣọ ọ̀hún, àwa la ṣe é. Omi ló tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Tí Yorùbá bá sì sọ báyìí, kì í ṣe odò ni wọ́n ń bá wí. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé nǹkan ti gba ibi tí a ò ṣọ́ bàjẹ́. Mi ò dá Parmitano lẹ́bi, torí ìwádìí kò tíì parí nígbà tó kọ̀wé, àti pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ikú kọ́ lèèyàn máa ní kó wá ṣàlàyé pọ́ǹpù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ìtàn rẹ̀ nìkan máa rò pé ọjọ́ 16 ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ 9 ló bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni àbọ̀ ìwádìí mú wa lọ. Ọjọ́ yẹn ni Parmitano di ọmọ Ítálì àkọ́kọ́ tó jáde sí gbalasa òfurufú. Ó lò ju wákàtí mẹ́fà lọ níta. Nígbà tó wọlé tí wọ́n ṣí àṣíborí, omi wà nínú rẹ̀. Wọ́n rí i. Houston gbọ́ sí i. Kí ni wọ́n sọ? Àpò omi mímu ni. Gbogbo wọn ló ti gbà pé àpò yẹn máa ń jò. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, aṣọ kan náà ló tún gbé wọ̀, ó tún jáde.

Ohun tó fà á gan-an kò ju ìdọ̀tí lọ. Ìdọ̀tí kéékèèké ló dí àwọn ihò inú ẹ̀rọ tó ń ya omi kúrò lára afẹ́fẹ́, omi wá yà bọ́ sí ọ̀nà afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ gbé e wá sẹ́yìn orí. Àbọ̀ ìwádìí mìíràn ì bá dúró síbẹ̀. Èyí ò dúró. Ó béèrè pé kí ló dé, nígbà tó rí ìdáhùn, ó tún bi ìdáhùn náà pé kí ló dé. Kí ló dé tí wọn ò wá ìdí omi ọjọ́ 9? Torí pé omi díẹ̀díẹ̀ nínú àṣíborí ti mọ́ wọn lára. Kí ló dé tí ẹnì kan ò ní kí wọ́n yẹ àpò yẹn wò? Torí pé àkókò àwọn tó wà lókè wọ́n, iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n fi ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ ti gbà lọ́kàn ara wọn pé bí àwọn bá tọrọ àkókò fún nǹkan mìíràn, wọn ò ní gbà, nítorí náà wọn ò tọrọ. Kódà lọ́jọ́ 16, láti ìgbà tí Parmitano ti kọ́kọ́ sọ pé omi wà títí dìgbà tí wọ́n ní kí wọ́n wọlé, nǹkan bí ìṣẹ́jú 23 ló kọjá. Ọ̀rọ̀ àpò omi ṣì wà lẹ́nu wọn.

Wọn ò tọrọ, torí wọ́n ti bá ọ̀gá dáhùn kí ọ̀gá tó lanu. Mi ò rò pé mo ti ka ìtàn àròsọ kan tó mú ìwà ibi iṣẹ́ jù báyìí.

Mo mọ̀ ọ́n torí mo ti ṣe é rí. Níbi kan tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà kan, a ní áàpù táwọn èèyàn fi ń sanwó. Ìlà àṣìṣe kan máa ń yọjú nínú log wa, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fi tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo wò ó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo kọ "nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni" sábẹ́ rẹ̀, mo tì í pa. Ta ló máa bá mi jiyàn? Lórílẹ̀-èdè wa yìí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń jẹ̀bi ohun gbogbo. Nígbà tí owó oṣù wá jáde, tí gbogbo èèyàn ń sanwó lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà mẹ́ta yẹn di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Áàpù ń yọ owó àwọn oníbàárà lẹ́ẹ̀mejì. Ní aago méjì òru, mò ń ka lẹ́tà obìnrin kan tó ní owó ilé-ìwé ọmọ òun la yọ lẹ́ẹ̀mejì yẹn, pé kò sí owó oúnjẹ nílé mọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà kí owó rẹ̀ tó padà.

Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n kọ àbọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti aago méjì òru. Mo kọ ọ́ pé èrò ló pọ̀ jù lọ́jọ́ náà. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì tí mo tì pa ò sí níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá kà á, wọ́n yìn mí pé mo kọ ọ́ dáadáa. Gravity tèmi nìyẹn: òde ni wàhálà ti wá, akọni kan dìde lóru, ó yanjú ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń béèrè ibi tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mú ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn ti mú ẹni tó jẹ̀bi. Ẹnì kan lè ní, "Ẹ̀gbọ́n, fíìmù ni jàre, ta ló máa sanwó wo àpò omi?" Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí àlọ́ ìjàpá àti Yánníbo ìyàwó rẹ̀ tó ń wá ọmọ. Àlọ́ yẹn kò dúró dìgbà tí ikùn ìjàpá wú kó tó bẹ̀rẹ̀. Láti ilé babaláwo ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kó má fẹnu kan oògùn náà. Ó bá a dé ojú ọ̀nà, níbi tó ti tọ́ ọ wò díẹ̀. Ẹ̀rù ti ń ba àwa ọmọdé kí ikùn tó wú rárá, torí a mọ ohun tó ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni alẹ́ ọjọ́ 9 yẹn ì bá ṣe rí nínú fíìmù: èèyàn mẹ́fà tí wọ́n ń bá ara wọn yọ̀ pé iṣẹ́ dára, àṣíborí tó tutù nínú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwa tí à ń wò ó nìkan ló mọ̀.

Àbọ̀ NASA náà ní àléébù tirẹ̀. EV1 àti EV2 ni wọ́n ń pe àwọn méjì tó jáde. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, torí wọn ò wá ẹni tí wọ́n máa so mọ́gi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á nìkan kò ní mọ̀ pé EV2 ní ọwọ́, pé EV1 di ọwọ́ ọ̀hún mú. Parmitano sọ bí ikú ṣe rí nígbà tó dé imú, àbọ̀ sì sọ bí àwọn èèyàn rere ṣe ṣílẹ̀kùn fún un láìmọ̀. Ìdájọ́ mi ni pé ká ka méjèèjì pọ̀, àbọ̀ ni kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ kà. Ẹ lè wá wo Gravity lẹ́yìn náà. Ó ṣì dùn-ún wò.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, nígbà tí àwọn mìíràn tún máa jáde, wọ́n ti fi nǹkan bíi tìmùtìmù tó ń fa omi sẹ́yìn àṣíborí. Wọ́n tún fi páìpù kan síbẹ̀ tó gba inú aṣọ lọ sísàlẹ̀, kí ẹni tí omi bá bò lẹ́nu lè rí afẹ́fẹ́ mí. Parmitano náà padà lọ ní ọdún 2019. Ó di ọ̀gá ibùdó náà, ó sì jáde lẹ́ẹ̀mẹrin pẹ̀lú Andrew Morgan láti tún ẹ̀rọ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ AMS ṣe. Àwọn pọ́ǹpù tó ń mú un tutù ló ń bàjẹ́.

Ní tèmi, mo padà lọ kọ àbọ̀ yẹn tún. Mo ti kúrò níbi iṣẹ́ náà nígbà yẹn, ẹnikẹ́ni ò ní kí n kọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní kà á. Gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ kan kí nǹkan tó bàjẹ́, wọ́n fi tíkẹ́ẹ̀tì kan ránṣẹ́ sí mi.